Èèwọ̀ Ìfarakanra àti Ọwọ́ Kaothar

Agboolé Alhaji Sàníù,
Ẹ̀yìn Ọjà, Lálùpọn,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Humairah, ọ̀rẹ́ àtọdúnmọ́dún,

Báwo ni gbogbo nǹkan ní Ìlọrin? Ṣé ara le? Ṣé bàbá àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà? Ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn? Ishaq àti àbúrò rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sí ilé ìwé déédéé, àbí Ishaq ṣì ń fi inú rírun ṣe àwáwí ní gbogbo ọjọ́ Ajé? Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ gidigidi. Sọ fún wọn pé wàrà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi dùn, àti pé ọjọ́ tó dé náà ló tán, kí wọ́n fi ojú àánú wò mí. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Òjò kò jẹ́ kí a gbádùn ọ̀nà rárá, ẹrẹ̀ ni a fi ń wẹ ẹsẹ̀ kí a tó dé ilé ìwé, ṣùgbọ́n ara le, oúnjẹ sì wà.

Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ inú mi pọ̀ ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ, ìwọ náà sì mọ ara rẹ. Tí mo bá sọ gbólóhùn kan, o ti já mẹ́ta gbà mọ́ mi lẹ́nu. Nínú lẹ́tà, èmi nìkan ni n ó máa sọ̀rọ̀ títí n ó fi sọ tán, o ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Mo gbọ́ pé Kifayah, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Mọ́níyà, ti pè ọ́. Mo gbọ́ pé ó ní ẹ̀tẹ̀ ti mú Kaothar, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, pé kí ẹ ṣọ́ra fún ife tó bá fi mu omi àti aṣọ ìnura tó bá lò. Ẹ̀tẹ̀! Obìnrin tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin lápálápá àti kúrúnà ló wá di ẹni tó ń sọ àìsàn lórúkọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kedere kí o tó ka ìyókù, kí àyà rẹ lè balẹ̀. Kaothar kò ní ẹ̀tẹ̀. Làálì ló bá ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ló sì fi àìgbọ́ Yorùbá wọn sọ ọ́ di ẹ̀tẹ̀ fún un.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Lálùpọn yìí ni mo ti ń gbé nínú ilé Alhaji Sàníù, bàbá Kaothar. Ìṣojú mi ni Kaothar ṣe kọ́ṣẹ́ ìránṣọ tó fi gba òmìnira. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà náà ni èmi náà ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Nítorí náà, ohun tí mo fojú mi rí ni mo ń sọ fún ọ. Ibi tí mi ò bá sí, n ó sọ ẹni tó sọ ọ́ fún mi.

Ọjọ́ tí àwọn ará ilé Yasir ń bọ̀ wá mọ ilé ló kù sí dẹ̀dẹ̀ tí Kaothar fi lọ lé làálì ní Mọ́níyà. Yasir yìí ni ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, òun ló ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà níbẹ̀. Làálì tí àwọn ìyá yín mọ̀, ewé ni. Wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó, wọ́n á lé e sí ọwọ́, wọ́n á fi ọ̀rá dì í mọ́jú, bí ilẹ̀ bá mọ́, á pọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ pupa mọ́. Dúdú ni wọ́n ń fẹ́, wọn kò sì ní sùúrù àtidúró mọ́jú. Obìnrin tó lé e fún Kaothar bá po dáì dúdú tí àwọn bàbá fi ń bo ewú mọ́lẹ̀ mọ́ ọn. Kò pẹ́ rárá tó fi dúdú kirikiri, òdòdó àti ewé, láti ọmọ ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Èmi gan-an yà á ní fọ́tò.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó wú, ó lé ròrò, omi ń jáde lára rẹ̀. Ibi tó yà mí lẹ́nu ni pé ìléròrò náà kò kọjá ibi tí làálì gbà. Òdòdó ló wú, ewé ló wú, ibi tí làálì kò dé ń dán ní tirẹ̀. Ta ló tún ń wá ẹlẹ́rìí kiri? Nígbà tó jiná, ojú ibẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà. Ó ṣá, ó di òdòdó funfun káàkiri ọwọ́ ọmọ tó dúdú dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà wà nígbà tí àwọn olùwádìí dé. Láti ilé ìwé gíga kan ni wọ́n ti wá. Olórí wọn ń jẹ́ Dókítà Olúwaṣíjibòmí. Mi ò ní pè é ní “wọn” nínú lẹ́tà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ dáadáa. Tí o bá kà á tán, wàá dárí jì mí. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn wá ṣe dára létí. Wọ́n fẹ́ mọ irú ohun tó ń bá ara ènìyàn jà bó bá ti kan awọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọṣẹ, ìpara, rọ́bà, òrùka ayédèrú tàbí símẹ́ńtì. Wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tó ń ṣe jù, àti bóyá ó ń pọ̀ sí i láti ọdún dé ọdún. Wọ́n ti ṣe é ní ìgboro Ìbàdàn rí, wọ́n wá fẹ́ mọ bí ti Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ṣe rí sí i. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní ọpẹ́ ni, Kaothar rí ẹni tó máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé wọn kò wá wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni wọ́n wá bi. Ẹni tí wọ́n rán sí agboolé wa ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jonathan, tó ń gbé ní Ajíbọ́dẹ, tó fi káàdì kọ́rùn, tó gbé fóònù ńlá pẹlẹbẹ kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ó jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, ó wú ikọ́, ó fi ohùn tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kà á jáde:

“Ǹjẹ́ ẹ̀yin tàbí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ní èèwọ̀ ìfarakanra?”

Humairah, ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Ìwọ àti èmi tí a jọ jókòó ní kíláàsì Yorùbá ní Ọ̀yọ́ mọ̀ pé bí ọṣẹ tàbí oúnjẹ bá ń bá ènìyàn jà, a máa ń ní kò bá a lára mu. Ẹnìkan lè fi ṣe àwàdà pé ẹ̀wà ni èèwọ̀ òun. Ṣùgbọ́n kí o jókòó síwájú àwọn àgbà Lálùpọn, kí o fi ojú líle bi wọ́n ní èèwọ̀, kí o tún fi ìfarakanra lé e, kí lo rò pé wọ́n máa sọ fún ọ?

Bàbá Làmídì, tó ń gbé ní yàrá iwájú, ló kọ́kọ́ dáhùn.

“Ìgbálẹ̀ ni o, ọmọ mi. Ìgbálẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ọkùnrin lára.”

Jonathan tẹ ìgbálẹ̀ sínú fóònù. “Tó bá wá kàn yín ńkọ́, bàbá, kí ló máa ń ṣe yín?”

Bàbá Làmídì wò ó tìyanu-tìyanu. “Ṣé o ò mọ̀ ni? Nǹkan ọkùnrin á sọnù ni.”

Jonathan tẹ “ó le gan-an”. Ó wá bi wọ́n ní ìtọ́jú tí wọ́n máa ń lò sí i. Bàbá Làmídì ní àwọn á gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó fi kàn wọ́n, àwọn á sì fi na onítọ̀hún padà kíá. Ó tẹ ìyẹn náà síbi ìtọ́jú!

Ìyá Mùjíbátù, tó ń din gàrí lẹ́yìn ilé wa, ní ẹlẹ́dẹ̀ ni tòun. Mùjíbátù fúnra rẹ̀ ní itọ́ ajá, pé bó bá ti kan òun, òun gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dànù kí òun tó kírun. Awakọ̀ kan tó kàn yà kí Alhaji rò pé ìwàásù ni wọ́n wá ṣe, ó ní ìyàwó ọ̀rẹ́ òun ni èèwọ̀ ìfarakanra tòun, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Jonathan tẹ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò bojú wẹ̀yìn, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé irú ilé wo ni òun wọ̀ yìí.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní, “Arákùnrin, ìbéèrè yín ò dáa. Ẹ bi wọ́n pé kí ló máa ń kàn wọ́n tí kì í bá wọn lára mu. Èèwọ̀ ìdílé àti ti ẹ̀sìn ni wọ́n ń kà fún yín yìí.”

Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. “Áńtí, kọmítì ti fọwọ́ sí i. A ò láṣẹ láti yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀. Bí mo ṣe bi àwọn ará ibòmíì náà ni mo gbọ́dọ̀ ṣe bi àwọn tibí, kó lè dọ́gba.”

Kó lè dọ́gba! Ìyẹn ni pé àṣìṣe kan náà ni kí wọ́n ṣe káàkiri, kó ṣáà ti dọ́gba.

Ó wá kan Kaothar. Ọmọ náà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan níwájú rẹ̀, òdòdó funfun ọ̀hún ń wo Jonathan lójú. Ó bi í ní ìbéèrè kan náà. Kaothar gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. Ìwọ náà mọ Alhaji. Ẹni tó bá dárúkọ èèwọ̀ ìdílé nínú ilé wọn, ìwàásù tó máa gbọ́ kò ní tán bọ̀rọ̀. Kaothar ní, “Rárá o. Ilé tiwa ò ní èèwọ̀ kankan. Mùsùlùmí ni wá.” Jonathan tẹ “kò sí”. Ó dúpẹ́, ó fún un ní ọṣẹ ìfọwọ́ kan pé ẹ̀bùn ni, ó fẹ́ dìde. Mo ní, “Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ ná!” Ó wò ó lóòótọ́. Ó ní pẹ̀lẹ́ fún un. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé wíwo ara kò sí nínú ìpele kìíní, pé ó di ìpele kejì, àwọn tó bá ní èèwọ̀ nìkan ni wọ́n sì máa pè sí ìpele kejì. Mo tún yínmú sí i bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, ẹ̀rín ni ǹ bá máa fi í rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹni tó dáhùn, wọ́n ní ìdúpẹ́ ni. Ti Kaothar kà báyìí: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìwádìí wa fi hàn pé ẹ kò ní èèwọ̀ ìfarakanra kankan.” Ìwádìí wọn fi hàn! Wọ́n bi í, ó ní rárá, wọ́n wá fi tìlù-tìfọn sọ ọ́ fún un padà pé rárá.

Ìyá Yasir ti ń fi ojú kejì wo ọwọ́ Kaothar tẹ́lẹ̀. Ó ní òun náà lé làálì nígbà tòun, ewé lásán ni, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kaothar, ọmọ tí kò mọ ẹ̀tàn kan, bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Yasir, kí ọkàn ìyá rẹ̀ lè balẹ̀ pé àwọn dókítà ti wá, wọn kò sì rí nǹkan kan. Kifayah, tí òun náà ń gbé ní Mọ́níyà tó sì máa ń yà sọ́dọ̀ wọn, wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á, òun náà ló wá fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún wa, ó ń gbádùn ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ìyá Yasir gba fóònù náà, ó ní, “Ẹ ò rí i? Mo ti sọ. Àwọn dókítà ní kò sí nǹkan tó kàn án tó bá a lára jà. Kì í ṣe làálì nìyẹn. Kí ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ tí ara rẹ̀ fi ń funfun?” Kifayah ló dá a lóhùn. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀tẹ̀. Ó sọ ìyẹn náà fún wa, ojú kò tì í.

Wọ́n ní kí yìgì dúró ná. Yasir tó máa ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ń dún, ó ní òun ń kánjú. Kaothar gbé kúlà móínmóín jáde fún un. Ó ní kó gbé e sílẹ̀, òun á gbé e fúnra òun. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà kan dá kúlà náà padà, móínmóín wà nínú rẹ̀ bí Kaothar ṣe tò ó, ó ti bàjẹ́. Ọmọ náà gbé kúlà lọ sẹ́yìn ilé láti fọ̀ ọ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Àwọn oníbàárà rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ wọn láìrán. Ọ̀kan nínú wọn mú ọ̀rá lọ́wọ́ wá, ó la ẹnu rẹ̀, ó ní kí Kaothar ju aṣọ náà sí i. Èmi tí mo kọ́ ọmọ olọ́mọ ní ìwà ọmọlúàbí, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí obìnrin yẹn tí mi ò lè kọ sínú lẹ́tà. Humairah, ó dùn mí dé egungun. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó fẹ́ kí ọwọ́ òun rẹwà lójú ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún káàkiri ìlú.

Nígbà tí a gbọ́ pé Dókítà ń bọ̀ wá sọ àbájáde ìwádìí fún ará ìlú ní gbọ̀ngàn Lálùpọn, mo ní kí Kaothar wọṣọ, ó ń bá mi lọ. Kò fẹ́. Mo ní tó bá jókòó sílé, Kifayah ló máa máa sọ ìtàn rẹ̀ fún un títí tó fi máa darúgbó. Ó wọ híjáàbù gígùn, ó kó ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, a lọ.

Dókítà gbé ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn lára ògiri dání, ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Ó fi máàpù hàn wá. Ó ní ní ìgboro Ìbàdàn, ṣéènì ayédèrú, rọ́bà, lọ́fínńdà àti símẹ́ńtì ló ń bá ara àwọn ènìyàn jà, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. A gbọ́ ìyẹn, ó mọ́gbọ́n dání. Ó wá dé Lágelú. Lágelú pọ́n yòò lára ògiri. Ó ní ohun tí àwọn rí níbí, ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ rí lágbàáyé. Ó ní ìgbálẹ̀ ló ń bá àwọn ọkùnrin wa jà jù, ó sì le débi pé, ó wo ilẹ̀, ó ní ó le débi pé ó ń kan agbára ọkùnrin. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ló ṣìkejì, ohun ìyanu sì ni pé àwọn Mùsùlùmí nìkan ló ń bá jà, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà. Ó wá gba àwọn ọkùnrin nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ra ìgbálẹ̀ onírọ́bà. Rọ́bà, Humairah, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ó ń bá ará ìgboro jà!

Gbọ̀ngàn náà dàrú. Bàbá Làmídì rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́ sílẹ̀. Dókítà rò pé ojú ló ń tì wá. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní ká má tijú, pé àìsàn ni, kò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo bi í pé ta ló túmọ̀ ìbéèrè tí wọ́n bi wá. Ó ní kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀, Jonathan sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi Jonathan pé kíláàsì wo ló ti ṣe Yorùbá kẹ́yìn. Ó wo bàtà rẹ̀. Mo wá sọ fún Dókítà níwájú gbogbo ìlú pé ohun tó gbé kọ́ ara ògiri yẹn, àṣà àti ẹ̀sìn wa ni, pé ó wá béèrè àìsàn ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ àwọn bàbá wa ló kó lọ. Mo ní ẹni tó ń wá kiri, òun nìyí, Jonathan sì tẹ “kò sí” fún un. Mo ní kí Kaothar máa bọ̀.

Ó bọ́ síwájú. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde lábẹ́ híjáàbù, ó nà án, ìmọ́lẹ̀ pupa láti inú ẹ̀rọ náà sì bọ́ sórí rẹ̀. Àwọn kan fà sẹ́yìn. Dókítà kò fà sẹ́yìn, n ó fún un ní ìyẹn. Ó tẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ náà mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò wo fóònù, kò wo máàpù. Ó ní, “Làálì dúdú?” Kaothar ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Wọ́n po dáì irun mọ́ ọn?” Kaothar ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó tán! Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Ohun tó bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Ká ní òpè ni, ǹ bá káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó kàn gbà pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti kó jọ ti tó, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá ara rẹ̀ láàmú láti wo ọwọ́ ènìyàn. Díẹ̀ ló kù kí n padà sí “wọn” fún un lọ́jọ́ náà, àmọ́ inú ṣì ń bí mi.

Ó ní kí a wá bá òun níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú awọ ara. A lọ. Wọ́n lẹ àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀yìn Kaothar, ọ̀kan jẹ́ làálì gidi, ọ̀kan jẹ́ dáì díẹ̀, àwọn yòókù mi ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí omi má kàn án. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ojú làálì gidi ń dán, ojú dáì ti pọ́n, ó ti wú. Wọ́n tún fi òwú àti abẹ́rẹ́ kan gbogbo ojú funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára níbi gbogbo. Wọ́n ní ojú ẹ̀tẹ̀ kì í mọ nǹkan lára, nítorí náà ẹ̀tẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, pé àwọ̀ náà á máa padà díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí Dókítà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ ìyẹn fún àwọn ará ilé Yasir ní Mọ́níyà, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀ ló kó bá ọmọ náà. Ó lọ. Mo jókòó tì í nínú mọ́tò kó má baà gbàgbé ọ̀nà.

Wọ́n ti da ti Lágelú nù, wọ́n ń tún un bi báyìí, èmi ni mo sì kọ ìbéèrè tuntun náà fún wọn. Kò sí ìgbálẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ń bà mí lẹ́rù. Bóyá ni agboolé kan wà tí wọ́n ti ṣe ìyàwó láìpẹ́ tí o kò ní rí ọmọbìnrin kan tí dáì ti bó lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fi ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ bò ó, wọ́n dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní nǹkan tí Kifayah pè é. Nítorí ìyẹn ló yẹ kí máàpù wọn ti pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Jonathan náà ti ń wo ọwọ́ ènìyàn báyìí kó tó la ẹnu.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, ìdílé Yasir dé. Wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji, wọ́n gbé èso wá nínú agbọ̀n. Ìyá Yasir ní iṣẹ́ Ṣàtánì ni gbogbo rẹ̀, pé Dókítà ti la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn, kí a dá ọjọ́ yìgì. Kifayah wà láàrin wọn, òun ló ń ṣe àmín jù. Yasir wọ jalamíà funfun, ó jókòó dáadáa lórí àga, kò kánjú lọ síbì kankan. Alhaji gbọ́ wọn tán, wọ́n ní Kaothar ni kí wọ́n bi.

Kaothar kúnlẹ̀, ó kí wọn. Ìyá Yasir na ọwọ́ láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

“Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ wá,” ni ó wí. “Dókítà ṣàlàyé nǹkan kan fún mi nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn mi. Wọ́n ní nǹkan tí ara bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbà á mọ́ láyé. Wọ́n ní tó bá tún fi lè kàn mí, á le ju ti àkọ́kọ́ lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi,” ni ìyá Yasir dáhùn. “A ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé làálì dúdú fún ẹ mọ́.”

“Làálì nìkan kọ́ ni mò ń sọ, Màmá.” Ó yíjú sí Yasir. “Bùọ̀dá Yasir, ẹ má bínú. Ara mi ti kọ̀ yín.”

Kifayah pàápàá gbàgbé àmín. Alhaji Sàníù wá sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n má gbàgbé agbọ̀n èso wọn.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fi inú rírun Ishaq rẹ́rìn-ín. Alhaji àti Kaothar ní kí n kí gbogbo yín. Tí Kifayah bá pè ọ́, má wulẹ̀ bá a jà, ka lẹ́tà yìí sí i létí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,
Olúwabùkọ́lá.